Igbá Obì Tó Ń Ti Òkè Àjà Sọ̀kalẹ̀

Ilẹ̀kùn náà ṣí, kò sì sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, àwo ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi, oòrùn ọ̀sán ń ta mí lẹ́yìn. Láti inú òkùnkùn yàrá ni ohùn bàbá kan ti jáde: "Wọlé, ọmọ mi." Òórùn àdín ló kọ́kọ́ kí mi. Nǹkan kan ń dún lókè, kírì, kírì, bí eku tó ń jẹ pákó. Mo wọlé tán, ilẹ̀kùn padé fúnra rẹ̀. Ìtọ̀ fẹ́ gbọ̀n mí. Kí n má parọ́, díẹ̀ dà.

Ní Máfolúkú ni, lásìkò tí owó epo rọ̀bì dé, tí gbogbo ayé ń kọ́lé bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ sá lọ. Káfíńtà ni bàbá yìí, yàrá ìkẹyìn ló ń gbé nínú ọgbà wa. Igi òrùlé kan ló já lé e léjìká níbi iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, àtìgbà náà ni apá rẹ̀ méjèèjì ti rọ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ìyá mi ló máa ń fi oúnjẹ ọ̀sán rán mi sí i. Orí àga kan náà ni mo máa ń bá a, aṣọ òfì bò ó láti ìdí dé ilẹ̀, kódà bí ooru ń bẹ́ páànù. Igbá omi á kàn ti òkè àjà sọ̀kalẹ̀ wá bá ẹnu rẹ̀, á tẹ̀ sí i, bàbá á mu, igbá á tún gòkè lọ. Bí ọkọ̀ òfurufú bá fò kọjá, gbogbo ohun tó so rọ̀ nínú yàrá náà á máa mì, bí ẹni pé wọ́n ń kí ara wọn.

Ẹnu tèmi sì rèé, àti kékeré ni kò ti ní ilẹ̀kùn. Nídìí ẹ̀rọ omi ni mo ti tú u sílẹ̀: "Bàbá yàrá ìkẹyìn ní àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Mo gbọ́ èémí wọn." Irọ́ ni ti èémí yẹn o, iyọ̀ ni mo fi sí ọbẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, èémí ti di àǹjọ̀nnú mẹ́ta, wọ́n tiẹ̀ ní ọ̀kan nínú wọn ní irun pupa. Láńlọ́ọ̀dù wa ní, "Mi ò kọ́lé fún àǹjọ̀nnú. Kí Bàbá kó ẹrù wọn lọ́jọ́ Ẹtì."

Nígbà tí mo tún gbé oúnjẹ lọ, mi ò lè wo ojú bàbá.

"Ọmọ mi, wọ́n ní kí n kó jáde," ó ní. "Níbo ni mo fẹ́ lọ tí omi á ti wá bá mi lẹ́nu?"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, nǹkan kan rìn lábẹ́ aṣọ òfì yẹn. Mo fò sẹ́yìn. "Bàbá, kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, ìwọ ẹlẹ́nu."

Ló bá ṣàlàyé. Okùn ló wé mọ́ àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló ń wá wé e láràárọ̀. Àwọn okùn náà gba ẹ̀yìn àga gun ògiri, wọ́n sì kọjá lórí àwọn igi róbótó tí télọ̀ ń ká òwú lé, tí wọ́n kàn mọ́ òkè àjà. Ọ̀kan ń ṣílẹ̀kùn, ọ̀kan ń gbé omi, ọ̀kan ń gbé obì fún àlejò. Àdín ló fi ń pa wọ́n kí wọ́n má baà pariwo jù.

"Ẹ sọ fún wọn, kẹ̀!"

"Kí n sọ pé ẹsẹ̀ ni mo fi ń fún àlejò lóbì? Ṣé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ na nǹkan sí èèyàn nílé tiyín? Kí wọ́n pè mí ní oní-àǹjọ̀nnú sàn jù. Búra pé o ò ní sọ."

Mo fi ìka kan ahọ́n, mo nà án sókè.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, láńlọ́ọ̀dù dé pẹ̀lú ìyá mi àti àgbààgbà méjì. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Wọ́n wọlé bí àgùntàn tí òjò pa, èmi náà tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni bàbá wí. Kírì, kírì. Igbá obì ti òkè àjà sọ̀kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó dúró síwájú àyà láńlọ́ọ̀dù gẹ́lẹ́.

Láńlọ́ọ̀dù di gèlè ìyá mi mú. "Ó ń kó jáde! Lónìí yìí, kì í ṣe ọ̀la!"

Òógùn ń ṣàn lójú bàbá, kò sí ọwọ́ tó máa nù ún. Mo wo igbá omi tó so rọ̀ lókè orí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣí aṣọ náà kúrò.

Ẹsẹ̀ náà dúdú fún àdín, ọmọ ìka rẹ̀ gùn bí ti ọwọ́, okùn ti jẹ wọ inú ẹran wọn. Àtàǹpàkò kan ń gbọ̀n. Bàbá ò lè fà á sẹ́yìn kúrò lójú wa: bó bá tú okùn sílẹ̀, obì àlejò á já bọ́.

Láńlọ́ọ̀dù wo ẹsẹ̀, ó wo obì. Ó jọ̀wọ́ gèlè ìyá mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú obì náà, bí ẹni ń gbà á lọ́wọ́ ọba. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó ní. "Ẹ ò lọ síbì kankan mọ́."

Nígbà tí wọ́n jáde, mo fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Bàbá ò wò mí. "O gbà mí lọ́wọ́ wọn," ó ní. "O sì tú mi síhòhò." Títí ó fi kú, kò tún jẹ́ kí igbá kankan sọ̀kalẹ̀ fún mi mọ́. Á ní kí n dìde mú u fúnra mi.

Èmi náà ti dàgbà, èjìká ọ̀tún mi ò gbé ẹrù mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù abọ́ oníke tí mo ní ní Àgọ́ Palace, okùn ni mo so mọ́ ilẹ̀kùn, abẹ́ tábìlì ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ fà á. Bí oníbàárà bá ya ẹnu, mo ní rìmóòtù ni. Wọ́n á gbà, èmi á rẹ́rìn-ín wọn kú.

Àmọ́ lọ́sàn-án míì, tí ọkọ̀ òfurufú bá kọjá, tí abọ́ mi ń mì, ilẹ̀kùn yẹn á ṣí fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nínú bàtà. Òórùn àdín á wọlé, èmi tí mi ò ta àdín rí. Màá fa ìró mi bo ẹsẹ̀, màá ní, "Ẹ wọlé, Bàbá." Mi ò ní yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Aṣọ kan tí mo ṣí láyé yìí ti tó mi.