Tíṣà Tó Pe Títílayọ̀ ní Kíláàsì Táípù

Ẹ má pè mí ní òpùrọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti fi ọwọ́ mi yìí pa ojú òkú dé ní wọ́ọ̀dù, mi ò sì sá. Èmi kọ́ ni òjìji lásán máa dẹ́rù bà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, oòrùn ń ràn, èmi àti àbúrò mi la sì jọ rí i.

Ilé ẹ̀kọ́ girama àtijọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà níbí, lójú ọ̀nà Covington, téèyàn bá ti kọjá Redan. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ́ ọ fún, láyé ìgbà tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jókòó sí kíláàsì kan náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tì í pa. Ìjọ wa ló wá rí i gbà.

Ẹ ò mọ bínú wa ṣe dùn tó! Gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan ní College Park la ti ń jọ́sìn tẹ́lẹ̀, níbi tí ariwo ọkọ̀ òfuurufú kì í jẹ́ ká gbọ́ ìwàásù.

Pásítọ̀ ní kí n lọ wo kíláàsì tó máa dáa fún àwọn ọmọdé. Mo mú Títí dání, ọmọ àbúrò màmá mi. Òṣogbo ló ti wá, kò tíì pẹ́ tó dé. Ó ń lọ sílé ìwé, ó sì ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì lójú méjèèjì, kò rí.

"Àǹtí, ẹ wá wo eléyìí!" Bó ṣe ń sáré kiri nìyẹn, tó ń fi fóònù ya fọ́tò. Lókè, orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ṣì wà lókè ilẹ̀kùn: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Sáyẹ́ǹsì, Ìtàn. Nísàlẹ̀ ni kíláàsì iṣẹ́ ọwọ́ wà. A wo ti káfíńtà, òórùn ìyẹ̀fun igi ṣì ń ta níbẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n la pákó. A wo ti mẹkáníìkì. A wo ibi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń kọ́ oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán, àwọn sítóòfù àtijọ́ tò jọ bí ẹni tó ń dúró de ọ̀gá.

Ibẹ̀ la wà tá a gbọ́ ọ.

Tà-tà-tà-tà-tà. Tíín! Tà-tà-tà-tà.

"Àǹtí, ta ló tún wà níbí?" Títí rọra bi mí.

Mo rò pé àwọn ará ìjọ ló ń tún nǹkan ṣe. Mo ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì tó kàn, níbi tí ariwo náà ti ń wá. Kò séèyàn. Tábìlì àti àga lásán ló tò láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sí taipuráítà kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo náà ò dúró. Inú yàrá yẹn gan-an ló wà! Ẹ gbà mí gbọ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi, bí ẹni pé ìka ń rọ̀jò sórí rẹ̀.

Kí n má purọ́, ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí. Inú mi dùn ni, bí inú ọmọdé tó ń wo onídán. Títí náà ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ariwo náà bá dá wáí.

Obìnrin kan dúró nídìí bọ́ọ̀dù. Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, nítorí àwa la dúró síbẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú ló wọ̀, ó di irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, páúdà funfun hàn ní ọrùn rẹ̀ tó dúdú. Ó kẹ̀yìn sí wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ.

"Dorothy."

"Present, mà." Ohùn ọmọbìnrin ni, láti orí àga tó ṣófo.

"Ernestine."

"Present, mà." Èyí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí mi. Mo fa Títí mọ́ra.

Ó wá sọ pé, "Títílayọ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ìlú yìí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ orúkọ wa sí wẹ́wẹ́. Láti ìgbà tí Títí ti dé, kò tíì sí olùkọ́ kan tó pè é bó ṣe yẹ. Obìnrin yìí pè é gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, ohùn òkè lókè, ohùn ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, bí ìgbà tí ìyá àgbà rẹ̀ ń pè é láàárọ̀.

Mo rí i tí ètè Títí mì. Mo bo ẹnu rẹ̀ gbàgà. "Má dáhùn! Má dá a lóhùn!"

Ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ tó gbóná ti kàn mí ní àtẹ́lẹwọ́, ó ti dáhùn.

"Present."

"Ó dáa," obìnrin náà wí ní Gẹ̀ẹ́sì, kò yíjú padà. "Ẹ múra. Ọ́fíìsì máa tó ránṣẹ́ pè yín."

Àga kan níwájú wọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn, gíríríírí, bí ẹni ń fún àlejò láyè. Títí gbé ẹsẹ̀. Mo fa aṣọ rẹ̀ lọ́rùn, a sì sá. Bàtà mi kan ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Màmá arúgbó kan wà ní ìloro ilé tó dojú kọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó fún wa lómi mu.

"Kíláàsì táípù ni, àbí?" ó bi wá. Òun náà ti jókòó níbẹ̀ rí. Ó ní tíṣà yẹn kọ́ wọn débi pé wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ láìwo ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ́fíìsì kankan nílùú tó gba ọmọ dúdú sídìí taipuráítà nígbà náà. Àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí lọ gbálẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. "Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún wa pé wọ́n máa pè wá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi kú."

"Mà, tẹ́nì kan bá dá a lóhùn ńkọ́?"

Ó tẹjú mọ́ Títí. Ó dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọ́fíìsì kan fi pe Títí. Wọ́n ní kó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó tẹ nǹkan. Títí tó jẹ́ pé àtàǹpàkò nìkan ló fi ń tẹ fóònù! Ó ní ìka òun kàn ń fò ni. Wọ́n gbà á lójú ẹsẹ̀. A jó nílé, mo jó, ìyá rẹ̀ ń sunkún ayọ̀ lórí fóònù láti Òṣogbo.

Ṣùgbọ́n tó bá ń jẹun báyìí, ìka rẹ̀ a máa lu tábìlì. Tà-tà-tà-tà. Á fi ahọ́n ṣe tíín. Òun fúnra rẹ̀ kì í mọ̀. Gbogbo Sátidé ló ń lọ síbẹ̀. Pásítọ̀ ti ta òróró sí ilẹ̀kùn yẹn, ó ti fi àgádágodo tì í. Títí ṣì ń lọ, ó sì ń wọlé.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, a wà lórí orin ìyìn, ó fẹnu sí mi létí.

"Àǹtí, tíṣà wa ní kí n bi yín. Kí ló dé tí ẹ kì í dáhùn tí wọ́n bá pè yín?"

Ó wá pe oríkì mi. Oríkì tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi o. Tí ẹ bá wọ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, tí ẹ gbọ́ orúkọ yín níbi tí kò séèyàn, bó ti wù kó dùn létí tó, bó ti wù kẹ́ ẹ máa wá iṣẹ́ tó, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa pè.

Tíṣà yẹn ń pè mí báyìí. Mi ò tíì dáhùn.