Àwọn Jàndáámù Tó Ń Ṣọ́ Ìka Ọkọ Mi

Ọjọ́ tí ọba wàjà nílùú ọkọ mi, létí Yókò, inú sításọ̀n ọ̀pẹ, oko ìjọba tó wà ní Pọ́bẹ̀, ni ọkọ mi wà, ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun bí wọ́n ṣe ń gé ìdì ẹyìn. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Awakọ̀ tasí kan tó ń bọ̀ láti Ṣakẹ́tẹ́ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó sì ń rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, ẹ múra o, oyè ti kan ilé yín." Ó rò pé òun ń bá mi ṣàwàdà ni. Igbá gààrí tí mo gbé rù fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Ilé mẹ́ta ló ń jọba nílùú wọn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ kiri ni: bí ilé kan bá jẹ tán, ó kan èkejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ọkọ mi ló kàn. Àwọn ọmọ ọba inú ilé náà pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì ni gbogbo ènìyàn ń wò. Èkíní ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọmọ bàbá rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Ṣakẹ́tẹ́, tí kò sì fi bò pé òun fẹ́ oyè. Èkejì ni ọkọ mi, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹ sì mọ àwọn afọbajẹ: ẹni tí kò lè bá wọn jà ni wọ́n ń wá.

Orí ìtẹ́ ìgbà yẹn kì í ṣe ibi ìsinmi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé ni, ìjọba ò sì pẹ́ kó tó yí padà. Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí á ní òun fẹ́ràn ọba, á fún un ní jàndáámù, ọlọ́pàá oníbọn, tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Tó bá di ọ̀la tí àwọn mìíràn dé, wọ́n á ní ọba yẹn, ti àwọn tó lọ ni. Bó ṣe rí fún ọba tó wàjà nìyẹn. Àwọn jàndáámù rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kàn kọjú sínú ni. Ẹnikẹ́ni kò wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, òun náà kò sì jáde. Wọ́n tilẹ̀ ní ká má pè é lọ́ba mọ́, ṣẹ́ẹ̀fù ni ká máa pè é. Inú ààfin náà ló kú sí. Ẹ foríjì mí, ibẹ̀ ló wàjà sí. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ọkọ mi bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu. N kò sì tíì sọ ti àwọn opó ọba, tẹ́ni tó bá gorí ìtẹ́ gbọ́dọ̀ ṣú, tàgbà tèwe wọn.

Kò pẹ́ tí sùpèréfẹ̀ tó ń ṣàkóso àgbègbè wa fi gbọ́ pé ojú àwọn afọbajẹ wà lára ọkọ mi. Ni jíípù bá gbé jàndáámù méjì wá sílé wa, wọ́n ní kí nǹkan kan má baà ṣe é kí wọ́n tó já ewé oyè lé e lórí. Ìjọba ló ń sanwó wọn, ìkòkò mi ló ń bọ́ wọn. Èyí àgbà nínú wọn jẹ́ ẹ̀yà Gùn, kò sì ní ìwà burúkú. Fófó ló ń pe ọkọ mi, bí àwọn Gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n, ó sì ń pe èmi ní Nàwé, ìyẹn ìyáàfin. Ṣùgbọ́n ìbọn rẹ̀ kì í kúrò léjìká, kódà bó bá ń jẹun. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi aṣọ ránṣẹ́ sí wa, n kò jẹ́ kí ọkọ mi fi kan ara.

Ìyá ọkọ mi náà dé. Kò tíì jókòó tó ti ní kí ọmọ òun na ọwọ́ méjèèjì, ó sì yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tó ń ra ẹran.

Ó ní: "Ìyàwó, gbọ́ o. Ọmọ ọba tí ìka rẹ̀ éè pé, wọn éè fi í jọba nílẹ̀ wa. Má jẹ́ kí ọmọ mi fọwọ́ kan àdá mọ́."

Bí jàndáámù Gùn ti gbọ́ èyí, iṣẹ́ dé. Ó kó àdá, ọ̀bẹ, ọkọ́, títí kan abẹ tí ọkọ mi fi ń fá irùngbọ̀n, ó tì wọ́n mọ́nú jíípù. Bí mo bá fẹ́ rẹ́ ilá, òun ni n ó bẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò rẹ́ ẹ, tìbọn tìbọn. "Nàwé, ṣé kí ó kúnná?" Àwọn aládùúgbò ń fi wá rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rín in, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ò kúrò létí mi. Ìkìlọ̀ ló wá ṣe, ọ̀nà àbáyọ ló fi hàn mí. Ẹ̀rù ara mi wá ń bà mí. Bí ọkọ mi bá ń jẹun, mo ń wo ìka rẹ̀, mo sì ń yára gbójú kúrò.

Ta ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀? Bí mo bá sọ ọ́, tó sì jẹ́ pé oyè wù ú, ilé wa ti tú nìyẹn. Òun náà kò sọ nǹkan kan. Ó dákẹ́ bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wà lára ohun tí jàndáámù kó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn afọbajẹ ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa gbé e bọ̀. Ìyá rẹ̀ wọ aṣọ funfun fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Èmi dúró tì wọ́n. Bí ewé yẹn bá ti kan orí rẹ̀, kò tún ní padà wálé wa. Ìpèbí ló máa wọ̀, láti ìpèbí ó di ààfin.

Ó wọ jíípù, ó jókòó. Ilẹ̀kùn jíípù náà kì í tì bí wọn ò bá fi agbára gbá a.

Jàndáámù Gùn bi í pé, "Fófó, ṣé kí n tì í?"

Ọkọ mi ní, "Tì í."

Mo rí ọwọ́ òsì rẹ̀ lára férémù ilẹ̀kùn. Mo rí i dáadáa. Jàndáámù gbá ilẹ̀kùn náà.

Jàndáámù ló kígbe, ọkọ mi kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sára aṣọ funfun. Ọkùnrin náà ju ìbọn sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀: "Nàwé, mo gbé! Wọ́n á pa mí!" Ìyá ọkọ mi káwọ́ lérí.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ohun tó kù lára ìka náà, wọ́n fi aṣọ dì í. Àwọn afọbajẹ gbọ́, wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá ọkọ mi wí. Ẹ̀ṣọ́ ìjọba ló gbá ilẹ̀kùn.

Nígbà tó ku àwa méjèèjì, mo sún mọ́ ọn.

"Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ síbẹ̀?"

Ó dijú. "Látọjọ́ tí wọ́n ti kó àdá ni mo ti ń wá ibi tí n ó ki ìka mi bọ̀."

Mo bú sẹ́kún. Mo bi í pé èéṣe tí kò sọ fún mi, èmi tí ẹ̀rù ń pa lójoojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó la ojú, ó wò mí bí ẹni tí ó yà lẹ́nu.

"Ìwọ gan-an ni ẹ̀rù rẹ ń bà mí jù. Mo rò pé o fẹ́ ṣe olorì ni."