Pákò Màmá Mi

Ẹ má bínú sí ọwọ́ mi o. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn. Bó ṣe wà lọ́kàn mi náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Gàrí ni màmá mi ti ń yan ní Ìlọrà kí wọ́n tó bí mi. Èéfín ni wọ́n ń fà símú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn ò sì kà á sí nǹkan kan, torí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń yan án ló ń wúkọ́. Ìgbà tí wọn ò lè rìn dé ìdí kànga mọ́ láìdúró mí la gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Wọ́n fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa fín sọ́fun láàárọ̀ àti lálẹ́.

Mímí wọn rọ̀ díẹ̀. Ẹnu wọn ló wá dàìsàn.

Ahọ́n wọn funfun bí ẹni tó lá ògì. Erìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Eyín iwájú kan já bọ́ sínú ẹ̀kọ mímu tí mo gbé fún wọn. Wọ́n fi ṣíbí gbé e jáde, wọ́n wò ó. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti gbé oúnjẹ dé, wọ́n á ní àwọn ti yó. Ìró tí kì í fẹ́ kárí ìdí wọn tẹ́lẹ̀ wá ń yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì.

Ti pákò ló dùn mí jù. Nílé wa, ẹnìkan kì í kí ẹnìkan láàárọ̀ láìtíì fọ ẹnu. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá sáré wá kúnlẹ̀, wọ́n á lé mi padà: "Lọ rún pákò ná!" Ní báyìí, àwọn fúnra wọn ò lè rún un. Tí wọ́n bá rún un díẹ̀, wọ́n á máa mí hẹlẹ, igi náà á sì gún erìgì wọn. Búrọ́ọ̀ṣì tí mo rà, wọ́n ní ó ń mú àwọn bì. Torí náà, bí àwọn ará àdúgbò bá kí wọn láti ojú ọ̀nà, wọn kì í dáhùn. Etí ìró ni wọ́n á fi bo ẹnu.

Ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ yan gàrí dúró lọ́jọ́ kan.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé góòlù lo fi pa mọ́ sẹ́nu ni, tó ò lè kí èèyàn mọ́?"

Màmá mi kọjú sí ògiri. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dúró díẹ̀, ó lọ. Kò yà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tá a padà sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan tan iná fóònù rẹ̀ sí wọn lẹ́nu.

"Màmá, tẹ́ ẹ bá fín in tán, ṣé ẹ máa ń fomi ṣan ẹnu?"

"Kí n tún wá fomi ṣan oògùn dànù?"

"Ẹ̀dọ̀fóró ni oògùn ń lọ, Màmá. Èyí tó kù sẹ́nu ló ń bà á jẹ́."

Wọ́n mi orí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn dàgbà nìyẹn: ẹni tó bá lá oògùn kò gbọdọ̀ fomi tẹ̀ lé e, kó má baà ṣàn lọ. Látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fín in, ṣe ni wọ́n ń fara da òùngbẹ, kí oògùn lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Nọ́ọ̀sì fún wa lóògùn tá a máa fi pa ahọ́n wọn. Ó ní àwọn eyín tó ti ń mì kò ní dúró mọ́.

Nínú mọ́tò tá a wọ̀ bọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Tí mo bá kú, bá mi pa ẹnu mi dé dáadáa kí èrò tó dé."

 

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ojú ọ̀nà tó kún, mo gbé pákò sórí ọlọ, mo fi ọmọ ọlọ lu orí rẹ̀ títí ó fi rọ̀ bí òwú. Mo bu omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ife, mo mú abọ́ tì í. Nígbà tí wọ́n fín oògùn tán, mo gbé gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo fi ìró mi ta ẹnu ọ̀nà, mo dúró síbẹ̀, mo kẹ́yìn sí wọn. Mo gbọ́ tí omi ń dún lẹ́nu wọn. Wọ́n tutọ́, wọ́n sinmi, wọ́n tún tutọ́. Ìgbà tó dákẹ́ ni mo yíjú padà, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn.