Baba Àtàǹpàkò àti Ọmọ Tí Wọ́n Kánjú Jí

Ọjọ́ tí Baba Àtàǹpàkò fi iná ta dókítà oníṣẹ́-abẹ lọ́wọ́, gbogbo ilé ìwòsàn ló gbọ́.

Dókítà tó ń fi oògùn kun ọmọdé lóorun ni Baba. Oògùn kan wà níbẹ̀ tó máa ń dẹ gbogbo iṣan ara. Títí yóò fi kúrò lára, ẹ̀rọ ló ń bá ọmọ mí. Baba á wá fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ní iná mànàmáná ta ọmọ lọ́rùn ọwọ́, á máa wo àtàǹpàkò rẹ̀. Bí ìka náà bá ta lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ìkẹrin lágbára bí àkọ́kọ́, oògùn ti lọ nìyẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọba pàápàá ò tó láti ní kó yọ ọ̀pá èémí lọ́fun ọmọ.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti rán ojú abẹ ọmọbìnrin kékeré kan tán. Baba ta á. Àtàǹpàkò ò mira.

"Ẹ̀rọ yín ti kú," oníṣẹ́-abẹ ní. "Ẹ yọ ọ̀pá, ebi ń pa wá."

"Ó kú? Ẹ mú ọwọ́ wá."

"Yéè! Ìyá mi ò!" Ọkùnrin náà fò sókè, fìlà rẹ̀ jábọ́.

"Kò kú o," ni Baba wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu wọn. Bí ẹ̀rọ ò bá kú, ọmọ gan-an ni kò lè mí.

Ìyá ọmọ náà kan ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó ń sùn, ìyá. Mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀." Baba padà sídìí ọmọ, ó tún ta á.

Nígbà tó yá, àtàǹpàkò ta lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó tó, Baba!" nọ́ọ̀sì kígbe.

"Ẹni tó ń mí ní ìdajì, ṣé o ti rí i rí?"

Ó dúró títí ó fi pé mẹ́rin tó lágbára dọ́gba, kó tó yọ ọ̀pá. Lọ́gán ni ọmọ figbe ta, ó sì ta Baba nípàá níkùn. Baba jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì.

"Baba, kí ló dé?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Ẹ̀rù ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ lágídí báyìí?"

"Ojoojúmọ́ ló ń bà mí. Ọjọ́ tí kò bá bà mí mọ́, ẹ lé mi jáde."

Wọn ò lé e. Ikú ló mú un lọ. Nọ́ọ̀sì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó ní bí dókítà tuntun bá wọlé, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù, òun á kọ́kọ́ di ọwọ́ ọmọ mú, òun á wo àtàǹpàkò rẹ̀, àárò Baba á sì sọ òun.