Irun tó wà nínú Sàréè Bàbá Ṣọlá

Edé ni mò ń sá sórí pátákó iwájú ilé láàárọ̀ ọjọ́ tí ayé wa dojú rú. Ìbọn àwọn tó gbógun wá bá wa bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti apá òkun. Ọkọ mi, Bàbá Ṣọlá, ní kí n gbé ọmọ wa wọnú ọkọ̀ ojú omi, pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò wá.

Inú igbó ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú omi iyọ̀, la sá sí, à ń pín gààrí ní ìkúnwọ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò ọkọ mi wá wa rí, ó di nǹkan sínú áńkáṣíìfù.

“Ìyàwó, mi ò lè dá gbé e. Irun àti èékánná rẹ̀ nìyí.”

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kú síbi tí a kò ti lè gbé òkú rẹ̀, irun àti èékánná rẹ̀ là ń gbé wálé sin, òun gan-an la sì gbé yẹn. Bàbá mi tó ṣe sójà ní Bọ́mà sọ pé ilé ìsìn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní irun orí Búdà, olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, wà nínú rẹ̀. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á gbé òdòdó síbẹ̀, wọ́n á wólẹ̀. Ó bi ìyá arúgbó kan bóyá ó rí irun náà rí. Ìyá ní rárá, ṣùgbọ́n òun mọ ẹni tí òun ń kí.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan gbà láti gbé wa lọ sí Òde Mahin, nílé bàbá ọkọ mi. Àwọn ọlọ́kọ̀ wa kì í gbé òkú, bó ti wù kó kéré mọ, àfi tí a bá sọ fún wọn, tí a sì kọ́kọ́ da ọtí sómi. Kò sí ọtí. Ẹ̀rù bà mí pé ọlọ́kọ̀ yóò fi wá sílẹ̀. Mo ti áńkáṣíìfù náà sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ, mo panu mọ́, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tá a dé ojú ibú, omi ń wọ ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ ní ká da ẹrù nù. Àbúrò ọkọ mi ló gbé apẹ̀rẹ̀ mi.

“Má jù ú,” ni mo wí.

“Ẹja ni, ìyàwó. Ṣé ẹja lo fẹ́ gbà là ni, àbí ọmọ?”

Ṣọlá wà lẹ́sẹ̀ mi, omi ti dé ìdí rẹ̀. Bí mo bá sọ pé òkú wà nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní èmi ni mo fa omi wọ ọkọ̀. Ó jù ú. Apẹ̀rẹ̀ náà léfòó díẹ̀, mò ń wò ó títí mi ò fi rí i mọ́. Mi ò lè ṣe nǹkan kan.

Ní Mahin, bí ìyá ọkọ mi ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Gbé ọmọ mi fún mi, kí n sin ín.”

Mo ní mo fẹ́ tọ̀ ná. Lẹ́yìn ilé, mo fi abẹ gé irun mi wẹ́wẹ́, mo gé èékánná mi, mo ya etí ìró mi dì í, mo sì gbé e fún wọn sin. Opó ni mí, wọ́n á fá orí mi náà ni, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè irun. Àbúrò ọkọ mi wo aṣọ náà, kì í ṣe áńkáṣíìfù tó gbé fún mi, ó wò mí, ó wolẹ̀. Títí ó fi kú, kò bi mí.

Ìbọn ti dákẹ́ tipẹ́. Lọ́dọọdún lẹ̀yin ọmọ ilé wa ń fọ sàréè yẹn, ẹ ń kúnlẹ̀, ẹ ń sọ pé, “Bàbá, ẹ gbọ́ o.” Lọ́dún tó kọjá Ṣọlá gbé ọmọ rẹ̀ lọ hàn án. Mo dúró lẹ́yìn yín, ọkàn mi bàjẹ́, mi ò sì lè dá yín dúró.

Bí mo bá kú, ibẹ̀ ni kí ẹ sin mí sí, irun mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Bàbá yín wà nínú omi. Tí ẹ bá fẹ́ kí i, ẹ kọjú sódò.