Ta Ló Mú Ọ̀bẹ Lọ́wọ́?

Èmi kọ́ ni mo pa ọba, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n pè ní ìkà.

Eré orí ìtàgé ni o! Tíṣà lítíréṣọ̀ ni mí ní Òkukù, ilé-ìwé kan náà sì ni àfẹ́sọ́nà mi ti ń kọ́ni ní ìṣirò. Kí ìwé tí à ń kà lè yé àwọn ọmọ, àwa méjèèjì ṣe tọkọtaya inú rẹ̀: olóyè kan, àti ìyàwó rẹ̀ tó ní kó pa ọba tó sùn sílé wọn bó bá jẹ́ ọkùnrin lóòótọ́. Mo fẹnu gún un dáadáa. Mo ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó mú ọ̀bẹ, ó wọlé pa ọba.

Ìyá àfẹ́sọ́nà mi wá wòran láti Ìkìrun. Nígbà tí eré parí, wọ́n dì mọ́ ọmọ wọn, wọ́n ní, "Káre, ọmọ mi!" Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, èmi àti àfẹ́sọ́nà mi lọ sílé wọn, ká lè dá ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Mo gúnyán, mo se ẹ̀gúsí, mo gbé e síwájú wọn. Wọn ò fọwọ́ kàn án.

"Mi ò lè jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ. Obìnrin tó lè ti ọkọ sínú ibi báyẹn ò ní wọlé mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, eré ni."

"Eré kẹ̀! Mo rí ojú rẹ."

Orí mi gbóná. "Ta ló mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, mà?"

"Ìwọ lo tì í! Ọkùnrin kì í dá irú ẹ̀ ṣe, àfi tí obìnrin bá wà nídìí ẹ̀."

Ohun tí àwọn ọmọkùnrin kíláàsì mi máa ń sọ gan-an nìyẹn. Mo yíjú sí àfẹ́sọ́nà mi, tó ń wolẹ̀ látìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó gbèjà mi ni, ó tán.

"Lórí ìtàgé, èmi ni mo tì ọ́. Lónìí ńkọ́, ta ló ń tì ọ́?"

Ó kọ́kọ́ wojú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣáà bẹ Màámi, jọ̀ọ́."

Ó dùn mí wọra. Mo fa abọ́ iyán náà sọ́dọ̀, mo fọwọ́, mo sì jẹ ẹ́ tán lójú wọn. Mo bọ́ òrùka tí ọmọ wọn fi sí mi lọ́wọ́ sórí tábìlì. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, mo ní ó dàbọ̀, mà, mo sì lọ wọ bọ́ọ̀sì Òkukù.