Àgbàdo Tó Bí Àfín

Ó di ọdún kọkànlá tí Salimat ti ń yẹ irúgbìn àgbàdo wò ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìsọlọ̀. Bó bá ti fọwọ́ sí ìwé, ẹrù di gbígbé nìyẹn. Á kọ́kọ́ gbin ọgọ́rùn-ún hóró sínú tíréè, ọjọ́ keje ló sì máa ń fọwọ́ sí i, tí ewé bá ti là. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ti rọ̀, àwọn àgbẹ̀ ń pariwo, ọ̀gá ń pariwo, ni Salimat yín bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kẹrin. Ṣebí méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ti yọrí nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ló tún kù?

Ewé ló kù! Láàárọ̀ yìí, ó wo tíréè tó wà lójú fèrèsé. Mẹ́rìnlélógún funfun báláú.

"Oòrùn ni wọn ò rí," Ọ̀gá Kọ́láolúwa sọ. Tírélà kejì ti ń kùn níta. "Fa àwọn funfun yẹn tu, kí mọ́tò máa lọ."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ojú fèrèsé kan náà ni gbogbo wọn wà. Inú ìran wọn ló wà. Ìyá tutù yọ̀yọ̀, bàbá tutù yọ̀yọ̀, àwọn méjèèjì sì gbé àfín pamọ́ sínú. Bí mẹ́rin bá hù, ọ̀kan á funfun. Èèyàn tó jẹ́ àfín á jẹun, á dàgbà. Ewé funfun ò lè fi oòrùn wá oúnjẹ. Tó bá jẹ ti inú hóró tán, ó kú nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́rin oko á ṣófo, òjò á sì ti lọ."

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

Háà! Iṣẹ́ yìí ni Salimat fi ń tọ́ ọmọ.

"Èmi ni. Mi ò dúró kí ewé là. Ẹ lé mi bẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ já ẹrù yẹn sílẹ̀."

Ọ̀gá pòṣé, ó ní kí dẹ́rẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì.

"Èyí tó ti lọ sí Ìṣẹ́yìn níjẹrin ńkọ́?"

Salimat ti gbé fóònù sétí. Ìṣẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ ti ń dáko.

"Bàbá mi, irúgbìn tuntun yẹn, ẹ má tíì gbìn ín o!"

Arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́, o ti pẹ́ jù! Lánàá la gbìn ín tán. Gbogbo abúlé ló rà á. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ló yẹ̀ ẹ́ wò."